Ẹlẹ́rìí Tó Wà Lórí Ìṣó

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tépù, nítorí pé okùn ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ló wà, ì báà jẹ́ ibi òkú ló lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ohun méjì ló kórìíra: kí wọ́n fi aṣọ ṣòfò, kí wọ́n sì fi ọjọ́ ṣòfò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ pè é pé kó lọ wá ìwé ogun bàbá àwọn, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà.

Ẹ̀gbọ́n ní òun kò mọ̀. Òun kàn mọ̀ pé òun ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ìpàdé ẹbí sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Kí wọ́n tó bí Tépù ni bàbá wọn, tí òun náà jẹ́ télọ̀, ti lọ sógun. Ìwé ìròyìn gbé orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn ṣójà tó sá lójú ìjà. Ó padà wálé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò sì sọ ohunkóhun nípa ogun títí ó fi kú. Àwọn ará ilé bá a sọ ọ́. Ọmọ àbúrò bàbá wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Adájọ́. Kò ka ìwé òfin rí, ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé wá bá a ló máa ń dá. Tí ẹbí bá ti pé jọ, Adájọ́ á nawọ́ sí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á ní kí àwọn ọmọ asálógun jókòó síbẹ̀, tí nǹkan bá dé, ọ̀nà á yá wọn. Ọgọ́ta ọdún ni Ẹ̀gbọ́n fi jókòó lórí àga yẹn. Ní báyìí, ẹbí fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó jagun sára pátákó nínú ilé ńlá, Adájọ́ sì ti ní láìsí ìwé, kò sí orúkọ.

Tépù wọ bàtà, ó gba ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ lọ. Wọ́n sọ fún un pé omi ti ba fáìlì àwọn ṣójà ìgbà náà jẹ́. Ìwé ìròyìn nìkan ló ṣẹ́kù, wọ́n dì í ní ọdọọdún, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù. Akọ̀wé tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú bébà. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀. Tépù fi ìka kan ahọ́n kó lè ṣí i. Akọ̀wé gbé ìwé rẹ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ìwé yìí dàgbà jù yín lọ. Ẹ má fi itọ́ kí i."

Ó fún un ní ìbọ̀wọ́. Tépù yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó ní ẹni tó rán an kò kọ́ṣẹ́ tán, ó sì wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta ló rí orúkọ bàbá wọn. Ẹnì kẹsàn-án ni nínú àwọn tó sá, nọ́ńbà ṣójà rẹ̀ wà níwájú orúkọ náà. Tépù fi báírò kọ nọ́ńbà ọ̀hún sára okùn ọrùn rẹ̀, ó ń palẹ̀ mọ́ kó máa lọ. Akọ̀wé ló dá a dúró. Ó ní ìwé ìròyìn a máa ṣe àṣìṣe, tó bá sì ṣe é, ojú ìwé karùn-ún ló ti máa ń tọrọ àforíjì, wẹ́wẹ́, níbi tí ojú kì í tó. Wọ́n jọ wá a láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òfo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ojú ìwé karùn-ún kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ṣí ti ọ̀sẹ̀ keje, òfo.

Ṣùgbọ́n Tépù kò gbójú kúrò lára ti ọ̀sẹ̀ keje yìí. Ìpolówó kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àforíjì, ọkùnrin kan tó dé fìlà gíga ló gùn ún, ó nawọ́ sókè bí ẹni tí agbọ́n ta. Bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Mo mọ ọkùnrin yìí," ni Tépù wí.

Akọ̀wé béèrè bóyá ẹbí wọn lòun náà.

"Rárá. Ó wà lórí ìṣó mi."

Àwọn télọ̀ àtijọ́ kì í ra bébà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n bá ti kà tán ni wọ́n ń gé ní pátánì, ìyẹn àwòṣe apá, ọrùn àti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń tẹ́ lé aṣọ kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Bàbá wọn fi odindi ìdì kan sílẹ̀ lórí ìṣó, Tépù sì ti lò ó fún àádọ́ta ọdún láìka ọ̀kankan. Ta ló ń ka apá aṣọ?

Ó délé, ó tú ìdì náà. Apá òsì aṣọ ọmọdé ló bá ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ lára rẹ̀. Bàbá wọn ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sétí rẹ̀ pé, "Ọmọ mi obìnrin, ọdún méje." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ìwé ìròyìn ní àwọn kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn pé àwọn wọ̀nyí sá, kò sì rí bẹ́ẹ̀: ìbọn ló bà wọ́n, ilé ìwòsàn àwọn ṣójà ni wọ́n wà. Àwọn orúkọ ló yẹ kó tẹ̀ lé e.

Kò sí orúkọ. Lọ́dún kan, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá, apá ọmọ náà tín-ín-rín, Tépù sì gé íńṣì méjì kúrò lára pátánì ọ̀hún. Inú íńṣì méjì yẹn ni gbogbo orúkọ wà.

Ó jókòó. Ó jókòó fún ìwọ̀n àkókò tí ó fi lè rán ṣòkòtò kan tán. Lẹ́yìn náà ló rí i pé nọ́ńbà ló máa ń ṣíwájú orúkọ, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀ yọ. Nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀ ni ìkẹrin lára bébà náà.

Ó gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ojú Ẹ̀gbọ́n kò ríran kàwé mọ́, ó fi ọwọ́ tọ etí bébà náà yípo.

"Apá mi nìyí. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Ṣé ó sá?"

"Kò sá. Wọ́n yìnbọn mọ́ ọn ni."

"Kí ló wá dé tí kò fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni?"

Tépù rò ó. Ó mọ bàbá rẹ̀. "Ẹ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Bébà ló nílò."

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀pá òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó jọ pé ẹsẹ̀ ni òtítọ́ tiwọn fi rìn. Ní ọjọ́ ìpàdé, Adájọ́ gba ìwé ẹ̀rí tí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí, pé nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí pátánì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, apá aṣọ lẹ gbé wá fún wa yìí."

"Apá aṣọ ni. Èmi ni mo wọ̀ ọ́. Dìde lórí àga yẹn."

Adájọ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n jókòó níwájú, ó gbé ọ̀pá lé itan. Adájọ́ wo yàrá yíká, àga kan ṣoṣo ló ṣófo.

"Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Tí nǹkan bá dé, ọ̀nà á yá ọ."

Wọ́n kọ orúkọ bàbá wọn sára pátákó lọ́sẹ̀ náà. Akọ̀wé bẹ Tépù pé kó fún àwọn ní ojú ìwé karùn-ún, kí ìwé àwọn lè pé. Tépù gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó fún òun ní ọjọ́ kan, nítorí pé apá aṣọ náà ṣì wúlò. Ó mú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ pátánì lé e, ó fi ṣọ́ọ̀kì fà á yípo. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì tún gbé e kalẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ka ojú rẹ̀ méjèèjì tán.