Obìnrin Inú Géèmù àti Gbólóhùn Mi

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú obìnrin tí kò sí láyé.

A wà nílé àfẹ́sọ́nà mi ní Ọ̀bà-Ilé, ó ń ṣe géèmù. Obìnrin kan ló yàn láti fi jagun. Idà ọwọ́ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n aṣọ ara rẹ̀ kò tó áńkáṣíìfù. Ẹ̀wù irin ni gbogbo àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wọ̀ dé ọrùn.

"Ṣé òtútù kì í mú òun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwòrán lásán! Àbí owú àwòrán lò ń jẹ?"

Mo ní, "Ẹni tó yà á kò yà á fún ogun. Ojú ẹni tó ń wò ó ló yà á fún."

Ó dá géèmù dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn lágbára. Inú mi dùn pé ó mọyì ọ̀rọ̀ mi, torí lẹ́yìn Àjíǹde làwọn òbí rẹ̀ máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. Nígbà tí mo délé, mo tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Owú ló bí i, síbẹ̀ mi ò rí irọ́ nínú rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ bá ti ìlú Oǹdó ṣe àríyànjiyàn lórí irú àwọn obìnrin géèmù bẹ́ẹ̀: ṣé ó yẹ ká bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n? Kí ìjà má baà wọ̀ ọ́, a máa ń po ìjọ méjèèjì pọ̀, ìwé kékeré tí a ká, tí kálukú wá mú, la sì fi ń yan ìhà. Ìwé tí mo mú ní kí n gbèjà àwọn tó ń ya irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sínú géèmù. Àfẹ́sọ́nà mi, tí a jọ wà lẹ́gbẹ́ ọ̀dọ́, bọ́ sí ìhà kejì pẹ̀lú tíṣà kan, ọmọbìnrin Oǹdó. Wọ́n ní ká lọ múra. Láti ìdí fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Mo kí àwọn adájọ́, mo kí olùṣọ́ aago. Mo ní àwòrán kò ní ara tí ìyà lè jẹ, àti pé àwọn obìnrin kan wà tó fẹ́ràn láti máa fi irú rẹ̀ jà. Òótọ́ inú rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn, "Sístà, ṣé irú aṣọ wọn lẹ máa wọ̀ wá sí ìsìn lọ́la?"

"Tẹ́ ẹ bá ti lè bá mi wá idà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé a ti borí.

Tíṣà náà wá dìde. "Ẹni tó yà á kò yà á fún ogun," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ojú ẹni tó ń wò ó ló yà á fún."

Ariwo sọ. Àfẹ́sọ́nà mi ló pàtẹ́wọ́ jù. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́bàá bọ́ọ̀sì, mo ní, "Ọ̀rọ̀ mi lo fún un."

"Ah-ah! Ìhà wa nílò rẹ̀. Ìhà kejì sì ni ìwọ wà."

Mo gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì.

"Ẹ máa lọ sí Àkúrẹ́," ó ní, "mo fẹ́ bá wọn kó àga."

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì yí kọ́nà. Èyí tí mo fojú ara mi rí láti ojú fèrèsé ni pé àga oníke kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, òun àti tíṣà náà ló sì jọ gbé e.