Ìwé Ìdáná Mẹ́ta Tí Mo Yá Nítorí Ìkọ́kọrẹ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí tiyín jóná nítorí tèmi.

Láti Ìbíadé ni wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ní kó máa lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí n dín iyọ̀ kù, kí n dín epo kù, kó má sì lo oògùn láìjẹun. Ó rọrùn lẹ́nu. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún odidi ìjọ Aládùúrà wọn kò fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ tí kò níyọ̀. Ṣíbí méjì, á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojoojúmọ́ ni aṣọ ń tóbi mọ́ ọn lára.

"Kí lẹ máa jẹ, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìkọ́kọrẹ́."

"Mo sè é lánàá."

"Èyí tí o sè lánàá yẹn, n kò mọ orúkọ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Òun ni ìyá wa kọ́ ní ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Òrù ni wọ́n fi èmi sí, níbi tí mo ti kọ́ ìwé àti ẹyin díndín. Nígbà tí mo fi máa padà délé, ìdáná ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ara mi kò balẹ̀. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń ṣí ìkòkò tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ni mo bá lọ bá aládùúgbò mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó máa ń fi bébà wé ìwé bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Ó yá mi ní ìwé ìdáná mẹ́ta.

"Ẹ má jẹ́ kí epo kàn wọ́n o."

"Ṣebí ìwé ìdáná ni?"

"Ìwé ni mo mọ̀ ọ́n sí."

Èkíní ń dán bíi dígí. Mo wo àwòrán ìrẹsì kan nínú rẹ̀ títí, mo sì gbà pé ìrẹsì náà kò gbóná rí láyé rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ràn àwo ju oúnjẹ lọ. Èkejì, àwọn tó wà lókè òkun ló kọ ọ́ fún. Bí ẹ kò bá rí ewùrà, ẹ lo ọ̀dùnkún. Bí ẹ kò bá rí irú, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹja yíyan, ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀. Mo ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, a ó kúkú fi ìkòkò náà sílẹ̀. Síbẹ̀ àánú òǹkọ̀wé náà ṣe mí. Àfi bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn tí kò dé.

Ẹ̀kẹta ni mo gbà gbọ́. Ó ti gbó, kò láwòrán, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ilé ìwé: ẹ fọ ọwọ́, ẹ di irun, ẹ tún ọwọ́ fọ̀. Níbi ìkọ́kọrẹ́, ó ní bí ewùrà bá ti wọnú ọbẹ̀, kí a máa rò ó láìdúró kó má baà jóná.

N kò rí ìyá mi kó rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń wá iṣẹ́ ti rí iṣẹ́. Mo rò ó, mo rò ó, gbogbo kókó rẹ̀ yọ́ tán, ó dà bíi sítáàṣì.

Ẹ̀gbọ́n mi wo abọ́, ó wò mí.

"Ta ló kú tí o fẹ́ lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Ìwé ló ní kí n máa rò ó."

"Kí ìwé wá jẹ ẹ́."

Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun wá. Láti ìgbà tó ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò ní yàrá. Ó wọ ilé ìdáná, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n rin ewùrà mìíràn, kí n sọ ẹja yíyan Òde-Omi di ìlọ́po méjì. "Èéfín ara ẹja ni yóò ṣe iṣẹ́ iyọ̀." Mo fi ìka já ewùrà sínú ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ìgbákọ, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Dé e. Jókòó lórí àpótí yẹn. Kó ọwọ́ lé itan."

"Bó bá jóná ńkọ́?"

"Kó jóná. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ kì í dákẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ kò fẹ́ ìyọlẹ́nu."

N kò jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Gbogbo bó ṣe ń hó ni mò ń gbọ́. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọrí, ó mi orí, mo yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀. Kókó rẹ̀ dúró. Ó jẹ abọ́ kan tán, ó fi ìka nu ìdí abọ́, òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè oògùn. Kò bèèrè iyọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sè é, òun lẹ́nu ọ̀nà, èmi lórí àpótí, títí ewùrà fi wọ́n lọ́jà. Ewùrà tuntun kò bá a láyé.

Aṣọ funfun rẹ̀ bá a lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè kó ìkòkò rẹ̀ àti páànù tó fi ń rin ewùrà. Ìjọ rẹ̀ gba ìgbákọ ńlá. Tíṣà aládùúgbò mi gba ìwé méjì padà. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó rí àtẹ́lẹwọ́ mi tí epo yà sójú ewé ìkọ́kọrẹ́, ó ní kí n mú un, kì í ṣe ìwé mọ́.

Èmi jogún àpótí tó fi jẹ mí níyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ni tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti dé ìkòkò tán, orí rẹ̀ ni mò ń jókòó, ọwọ́ lé itan, ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.