Igbe Méjì, Gòólù Kan

Alágbàfọ̀ kan wà tí ẹ̀rù kì í wọ́n nílé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀wù tó ti rún bí ojú arúgbó fún un láàárọ̀, yóò ti nà tọ́ọ́rọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ẹ̀rù rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tó ti gbé ìyàwó rẹ̀ sílé. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní oṣù kẹta. Èkejì dé oṣù keje, wọ́n ti ń ra fìlà ọmọ, òun náà wálẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nígbà tí ẹ̀kẹta wá dúró, tó di oṣù kẹfà, tó di ìkeje, tó di ìkẹjọ, bí ikùn obìnrin náà ṣe ń tóbi ni oorun ọkùnrin náà ń dín kù.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ Aláró ni tirẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀wù aláwọ̀ aró sáré lórí pápá. Láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé wọn. Gbọ̀ngàn ńlá kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ló ti máa ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń fún mọ́ra bí ìṣáná nínú páálí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún yìí dé, ó rò ó pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé tí òun wà láàárín igba ọkùnrin tó ń pariwo, ta ni yóò rí òun pè? Ló bá jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń gbé bọ́ọ̀lù sórí fóònù, pé bí òun bá sanwó fún wọn lẹ́ẹ̀kan, òun yóò lè wo gbogbo ìdíje Aláró láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, nínú ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́yìn ilé. Owó náà kò kéré. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó san án, pé kí ojú wà lórí fóònù kí ẹsẹ̀ wà nítòsí sàn ju kí ojú àti ẹsẹ̀ wà ní ibùdókọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà àti ilé wọn fẹ̀yìn kọ ara wọn, ògiri gíga kan ló là wọ́n láàárín. Fèrèsé yàrá wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọjú sí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, débi pé bí obìnrin náà bá ta igbe, etí ọkọ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé ìkejì ní láti yí gbogbo ìlà ilé náà po. Wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, nítorí nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò yẹn dà bí ọkọ aláìnílé, ìgbà tó bá wù ú ló ń wọlé. Àdéhùn wọn ni pé bí nǹkan bá ṣe é, kó figbe ta láti ojú fèrèsé.

Ohun tí alágbàfọ̀ kò mọ̀ kó tó sanwó ni pé bọ́ọ̀lù orí fóònù máa ń pẹ́ dé. Àwọn ará ilé yòókù ń wo tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, wọ́n á ti pariwo, wọ́n á ti fò, wọ́n á ti jókòó padà, kí tirẹ̀ tó wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí igbe tí kò lé e jáde. Yóò gbé áyọ́ọ̀nù nàró, yóò sáré yí ìlà ilé po, yóò gun àtẹ̀gùn ní méjì-méjì, yóò sì bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń mu ọsàn.

"Àwọn èèyàn yín ti gbá a wọlé," ni obìnrin náà á wí. "Ẹ padà lọ wò ó kó tó tutù."

Àwọn ará ilé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀ sọ ọ́ ní Olóyún Kejì, ó ní bí ọjọ́ bá pé, bẹ́ẹ̀dì méjì ni òun yóò kàn. Orúkọ náà mọ́ ọkùnrin yìí lára débi pé àwọn oníbàárà ń fi í pè é.

Ló bá kọ́gbọ́n. Bí igbe bá ti sọ lẹ́yìn ògiri, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá fi máa dé ogójì, gòólù yóò ti yọ lórí fóònù, àyà rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Igbe kan, gòólù kan. Oṣù méjì gbáko, ìṣírò yẹn kò tàn án jẹ rí, ó sì ń lò ó bí ẹní ń lo oògùn.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀sán Sátidé ni, oyún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Aláró fẹ́ pàdé ẹgbẹ́ tó wà lókè wọn. Kí alágbàfọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó rẹ̀ ní ìdí ń ro òun díẹ̀, pé agbẹ̀bí ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí bí oṣù bá ti pé. Ọkùnrin náà ní òun ò ní í ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ikùn obìnrin náà bí ẹní ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó dànù.

"Ẹ máa lọ," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí ń dá mi lágara ju ìrora lọ."

Ó lọ. Ó bá tíṣà kan tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de ẹ̀wù funfun tí yóò wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdágbére fún ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì. Tíṣà náà kì í ṣe ti Aláró, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ kì í korò. Alágbàfọ̀ gbé fóònù ti agolo sítáàṣì, ó ki wáyà áyọ́ọ̀nù bọ iná, bọ́ọ̀lù sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdajì àkọ́kọ́ lọ láìsí gòólù. Èkejì ti tó ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ alágbàfọ̀ ti kan ẹ̀wù tíṣà, ó ń fọ́n omi sí ọrùn rẹ̀, nígbà tí igbe kan sọ lẹ́yìn ògiri. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kíkà rẹ̀ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, igbe mìíràn sọ, èyí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀tún àti òsì ló ti wá. Tíṣà nawọ́ sókè, ó ní ó ti wọlé nìyẹn, kó máa kà á lọ. Ó kà á. Ogójì pé, kò sí gòólù. Ogójì kọjá. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí rẹ̀, kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù. Àádọ́ta. Nígbà tó ku márùn-ún kó pé ọgọ́ta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn Aláró yí ẹ̀yìn padà, ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n bí ẹní ju òkò sódò.

Tíṣà fò débi pé bẹ́ǹṣì dojú dé. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹlẹ́dàá nìkan ló mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí àti ibi tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ló pẹ́ lónìí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù padà. Ó tẹ̀ ẹ́ lé apá ọ̀tún ẹ̀wù, ó tẹ̀ ẹ́ lé apá òsì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Tíṣà, igbe mélòó lẹ gbọ́?"

"Ìgbà wo?"

"Kí gòólù tó wọlé."

Tíṣà ronú. "Méjì."

"Gòólù mélòó ló wọlé?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n kà. Bóyá ó kọ́kọ́ ba òpó."

"A ò rí òpó."

"Fóònù náà ni tiyín, ẹ dá a padà ẹ wò ó."

Òótọ́ ni. Ẹni tó sanwó ní àṣẹ láti dá àwòrán padà sẹ́yìn kó tún un wò. Ó fi ìka kan ojú fóònù. Ó fà á, ó fà á jù, ó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ. Ó tì í síwájú, gòólù tún wọlé. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, àwòrán gan, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò sọ pé kí ló dé tí kò sáré. Ẹ̀rù tó mọ níwọ̀n ló ń lé èèyàn sáré. Èyí tó bá ti kọjá ìwọ̀n, ńṣe ló ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Bó bá délé, ohun tó wà nílé ni yóò rí. Bó bá dúró ti kẹ̀kẹ́ tó ń yí, òpó ṣì lè wà nínú rẹ̀. Ó ń bẹ òpó. Ó ní kí bọ́ọ̀lù ṣáà ti ba òpó, kó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀tá ló gbá a.

Kẹ̀kẹ́ dúró, àwòrán padà. Bọ́ọ̀lù wà láàárín pápá. Ẹnì kan gbá a fún ẹnì kejì, ẹnì kejì gbá a padà fún un. Ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Àwọn òǹwòran jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹní wà nílé ẹjọ́. Kò sí òpó níbì kankan, kò sì sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè torí rẹ̀ kígbe.

Òórùn jíjó gba inú ṣọ́ọ̀bù. Áyọ́ọ̀nù ti sùn lé ẹ̀yìn ẹ̀wù funfun. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó fa wáyà rẹ̀ yọ.

"Ẹ máa sáré," ó wí.

Ó sáré. Kò wo ọkọ̀, kò wo ọ̀kadà, sálúbàtà rẹ̀ kan bọ́ sínú kòtò, kò padà mú un. Lójú àtẹ̀gùn, bàbá onílé jókòó pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá náà ní wọ́n ti gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù, pé káfíńtà àti télọ̀ òkè ló fi ọkọ̀ káfíńtà gbé e. Ó fi ọ̀pá júwe ọ̀nà tí wọ́n gbà. Alágbàfọ̀ gun òkè, kò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àpótí ìjókòó ti dojú dé lábẹ́ fèrèsé, omi wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú omi náà. Ọwọ́ kan ti fa kọ́tìnì já láti òkè. Ìgbà tó rí kọ́tìnì yẹn ló yíjú padà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀.

Bó ṣe dé ọsibítù, kò lè sọ ọ́ dòní. Télọ̀ obìnrin tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn ló bá lórí bẹ́ǹṣì, Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é nítorí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ìró rẹ̀. Ó ní ọmọ kò tíì dé, wọ́n ti gbé ìyàwó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó ti fẹ́ ké èkejì ló ti ṣubú. Gbogbo ilé ń jó gòólù, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó já lulẹ̀."

Alágbàfọ̀ kò lè jókòó. Ó ń wo ìlẹ̀kùn náà. Bí ó bá ṣí, àyà rẹ̀ á já. Bí ó bá wà ní títì, àyà rẹ̀ á tún já. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwojú rẹ̀, ó gbé àpò ẹ̀jẹ̀ méjì wọlé. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, kò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú ara rẹ̀ àfi òpó, òpó, òpó.

Àǹtí fà á létí aṣọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá jí, tó bá bi ọ́, o lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. O ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo sọ fún un nínú ọkọ̀ nìyẹn, nítorí pé orúkọ rẹ ló ń pè. Má ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí dókítà tó yọjú. Ó ní ọmọbìnrin ni, ó ní ìyá rẹ̀ pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ó ní àwọn tó gbé e wá kò fi àkókò ṣòfò, ọpẹ́ ni kí wọ́n dá. Ó di ìgbà tí wọ́n tún fi wákàtí kan ṣọ́ obìnrin náà kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, omi ń kán gba apá rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó jáde. Obìnrin náà la ojú.

"Wọ́n ní ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù," ó wí.

Lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí wúkọ́. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, kó ṣáà ti gbé e wọ̀ ló kù.

"Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ igbe mi?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé gòólù ni."

Obìnrin náà gbé orí díẹ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí.

"O rò pé gòólù ni."

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ wà, nínú ìjà, nínú eré, nínú ọ̀fọ̀ oyún méjì, kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ. Ó ń retí pé yóò tún sọ̀rọ̀, kó bú òun, kó lé òun jáde. Kò ṣe é. Ó yí ojú sí ibi tí ọmọ wà.

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n," ó wí. "Jókòó, kó o má bàa jù ú sílẹ̀."

Ó jókòó.