Fọ́tò Kẹtàlá

Àǹtí Òkùnkùn làwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń pè é, nítorí inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ń gbé bí ẹni tó háyà ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kó tó lọ ṣe másítà nílé ẹ̀kọ́ ọnà kékeré kan. Àwọn kan bi í pé kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tí kò jókòó de kámẹ́rà.

Ìyá ẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ló fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Fọ́tò méjìlá: ìyá nídìí ẹ̀rọ, ìyá tó ń wá abẹ́rẹ́ tó há sẹ́nu ara ẹ̀, ìyá tó ń bá rédíò jà. Àìsàn ti kó gbogbo irun orí ìyá yìí lọ, kò sì sẹ́ni tó ń rí i láìwé ìborí, àfi ọmọ ẹ̀ yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kàn dédé tú ìborí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Yà á," ló wí. "Ìwọ nìkan ni kó o máa wò ó o. Ojú ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kàn án."

Àǹtí Òkùnkùn ṣèlérí. Ó fọ ẹyọ kan ṣoṣo, ó fi í pamọ́ sísàlẹ̀ páálí bébà nínú yàrá òkùnkùn. Ṣùgbọ́n fọ́tò náà dára débi pé kò lè mú un mọ́ra. Ó fi han olùkọ́ ẹ̀, tó ti ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n sí i láti ọdún méjì. Ó sọ ohun tí ìyá òun wí fún un. Olùkọ́ gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní ọ̀dọ̀ òun lọ̀rọ̀ kú sí. Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, ilé ni aṣeni ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá òkùnkùn wà lọ́wọ́ olùkọ́ náà pẹ̀lú.

Òfin kan wà nílé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ ìdánwò: tí fọ́tò ẹni bá ti wà lára ògiri, onífọ́tò ò gbọdọ̀ lanu títí àwọn tó ń wò ó fi máa sọ tiwọn tán. Ẹni tó bá fọhùn, máàkì ẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìyá wé ìborí aláró tó mú fún òde, ó jókòó níwájú. Méjìlá lọmọ ẹ̀ gbé kọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò mẹ́tàlá ló wà lára ògiri. Orí tí kò nírun yẹn ló wà láàárín. Olùdánwò tó wá láti ìta dúró tì í, ó ń ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lórí awọ orí. Àǹtí Òkùnkùn lanu. Olùkọ́ fìka lé ètè, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ wo ẹ̀dá! Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Àǹtí Òkùnkùn panu dé.

Ìyá ló dìde. Ó yọ pín-ìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di fọ́tò náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń yọ ọ́ lára aṣọ, ó ká fọ́tò sínú báàgì. Olùkọ́ rọra ní iṣẹ́ ìdánwò ni o, Mọ́mì. Ìyá ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀.

"Ọkùnrin yìí ò mọ̀ mí rí," ló wí fún ọmọ ẹ̀. "Kò bá mi ṣàdéhùn kankan. Ìwọ ńkọ́?"

Àǹtí Òkùnkùn ló gba máàkì tó ga jù. Nígbà tó bá olùkọ́ jà, ìyẹn ní á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ yẹn ò tíì dé.

Ìyá ṣì ń gbóúnjẹ sílẹ̀ dè é, ó ṣì ń bá a ṣeré. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ilẹ̀kùn báyìí, ìyá á ní, "Dúró ná." Tí yóò bá fi wọlé, ìborí ti wà lórí.