Agbọ́lẹ̀ àti Omi Abẹ́ Àpáta

Agbọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ló ń fetí sí. Àwọn àlejò tí kò gbọ́ orúkọ náà dáadáa máa ń rò pé Agbálẹ̀ ni, wọn a sì bi í léèrè ibi tó gbé ìgbálẹ̀ sí. Kì í bínú. Á nawọ́ sí igun yàrá fún wọn, á tún kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ń rìn lọ bí èémí ọmọ tó ń sùn.

Epo rọ̀bì ni ilé-iṣẹ́ wọn ń wà. Omi iyọ̀ máa ń bá epo náà jáde, omi tí kò ṣeé mu, tí kò sì ṣeé dà sódò. Inú kànga kan tó jìn kọjá ohun tí ọkàn lè rò ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì í padà sí. Ṣùgbọ́n omi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń yọ́ rìn láàárín àpáta, ó ń tú ohun tó ti há mọ́ra láti ìwáṣẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi òróró sí ilẹ̀kùn tó ti dì. Bí àpáta bá yọ̀, ilẹ̀ a mì. Iṣẹ́ Agbọ́lẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn ìmìtìtì kéékèèké tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè mọ̀, kó fi wọ́n wé omi tó ń wọlẹ̀, kó sì sọ bóyá èyí tó tóbi ń bọ̀.

Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ń fọ abọ́, tí omi ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ihò, ọkàn rẹ̀ a tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀nà dúdú ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí omi ti ń fọwọ́ táràrà bí afọ́jú tó ń wá yàrá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jọ ń gbé, a ní, "Abọ́ yẹn ti mọ́ láti àná."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìmìtìtì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ó lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, ohun tí mò ń rí yìí ò fi mí lọ́kàn balẹ̀."

"Ṣé ilẹ̀ máa mì ni, àbí kò ní mì?"

"Mi ò lè búra, sà. Òjò ló ṣú yẹn. Ẹni tó mú agbòjò dání ò ṣì í, kódà bí òjò ò rọ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Àdúgbò wọn, tí kò jìnnà sí kànga náà, dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn èèyàn ní ó ti tán nìyẹn. Bàbá rẹ̀ náà gbé irin ìrẹ́lé rẹ̀ jáde, ó fẹ́ parí ògiri gíga tó ń mọ sẹ́yìn ilé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ògiri yẹn sílẹ̀ ná."

"Ṣebí ẹ ti pa ẹ̀rọ?"

"Omi tó wà nísàlẹ̀ ò mọ̀ pé a ti pa á. Ó ṣì ń lọ. Ìgbà mìíràn, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni èyí tó tóbi jù ń dé."

"Àlejò ti lọ tán, o ní ká má tíì ti ilẹ̀kùn." Ṣùgbọ́n ó gbé irin náà sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Oorun wá dá lójú Agbọ́lẹ̀ nítorí ìṣọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ó na ẹ̀yìn lé ẹní ní pálọ̀, atẹ́gùn ń mi kọ́tìnnì, oorun sì jí i gbé lọ. Lójú àlá, òun àti omi jọ ń rìn. Wọ́n dé ibi gbayawu kan, àpáta sì rọra yí ẹ̀gbẹ́ padà bí àgbàlagbà lórí ibùsùn. Ife ń kan ife níbì kan.

Nígbà tó lajú, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku kún irun rẹ̀.

"Ilẹ̀ ti mì," ni bàbá wí.

"Nígbà wo?"

"Bí o ṣe ń hanrun lọ́wọ́. Mo pè ọ́ títí."

Ó sáré jáde. Ìlàjì ògiri ti wó sílẹ̀. Bàbá wo òkìtì búlọ́ọ̀kù náà pẹ́. "Ká ní mò ń mọ ọ́n lọ ni, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ǹ bá dúró sí," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Agbọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣọ́ ilẹ̀ yìí, kò mì, Bàbá. Ó dúró títí mo fi sùn."

Àwọn aládùúgbò wà níta, ara kálukú le. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí kànga náà pa. Ilé-iṣẹ́ ní kí Agbọ́lẹ̀ lọ máa fetí sí òmíràn, lọ́nà jíjìn. Nígbà tó ń di ẹrù, bàbá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, irin ìrẹ́lé rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bi í bóyá ibẹ̀ náà ní bíríkìlà tó mọṣẹ́.