Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Músíbáù Lọ sí Pápá

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo kúrò nílé ní Ìbàdàn, kí ọkọ̀ òfuurufú má baà fi mí sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Músíbáù, ni mo ń lọ wò ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà, torí ojú wọn ti fọ́.

Àdúgbò wọn mọ́, ó sì dákẹ́. Nílé wa, àlejò kì í tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí aládùúgbò á ti dé. Níbẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kí ẹnì kan tó juwọ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ Ràfíù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló ń dùn mí jù. Bọ̀dá fẹ́ kó ṣe dókítà. Ó ní bésíbọ́ọ̀lù lòun máa fi jẹun, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, tí ẹlòmíì ń fi igi gbá a. Ó sì fi jẹun. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń ju bọ́ọ̀lù kí iṣan èjìká rẹ̀ tó já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ̀ sípò. Ló bá di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ròyìn eré náà lórí rédíò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Bọ̀dá kò dé pápá rí. Wọ́n á kí ara wọn nígbà Iléyá, ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé dòdò wọlé tọ̀ wọ́n, mo bá wọn tí wọ́n fetí lé rédíò. Wọ́n yára pa á.

"Bọ̀dá, ṣé ohùn Ràfíù kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni. Kò sí èyí tí mi ò gbọ́ rí. Má sọ fún un o."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀."

"Kí ni afọ́jú fẹ́ lọ wò?"

"Ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ níbí náà ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ takisí. Ọ̀nà náà fẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní, kò sí ẹni tó ń kiri ọjà lójú títì. Awakọ̀ wa, ọmọ Etiópíà, béèrè ẹgbẹ́ tí à ń tì lẹ́yìn.

"Kò sí," Bọ̀dá dáhùn kíákíá. "Ọmọ mi ni mò ń lọ gbọ́. Òun ló ń ròyìn eré."

Mo wo ojú wọn. Wọn ò fi í yangàn bẹ́ẹ̀ lójú mi rí.

Ní pápá, sọ́séèjì inú búrẹ́dì ni gbogbo èèyàn ń jẹ. Ẹni tó ń tà á kò mọ̀ bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, la bá ra ẹ̀pà: dọ́là mẹ́fà, kò sì kún agolo mílíìkì. Bọ̀dá fi rédíò kékeré tí wọ́n mú wá sétí, wọ́n gbàgbé ẹ̀pà sọ́wọ́.

Mo ti bẹ òṣìṣẹ́ pápá kan pé kó jíṣẹ́ wa fún Ràfíù. Nígbà tí eré parí, Ràfíù sáré sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè tó ti ń ròyìn.

"Dádì? Ẹ wá?" Yorùbá rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ.

"Ọjọ́ tí iṣan ẹ já, inú mọ́tò ni mo wà. Rédíò ló sọ fún mi pé o ṣubú. Mo sunkún, Ràfíù. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n pè ọ́."

Wọ́n na ọwọ́. Ràfíù tẹ̀ba, ó gbé ọwọ́ náà lé ojú àpá èjìká rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ẹ́?"

"Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, Dádì," ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn.

Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé Ìbàdàn, n kò tú ẹrù rárá kí n tó lọ bá ọmọ mi obìnrin, tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ tó lọ ń tún mọ́tò ṣe. Ọdún kẹta rèé tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. N kò débẹ̀ rí. Mo jókòó lórí táyà kan, mo ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí.