Adájọ́ Ẹ̀rọ Géèmù

Adájọ́ làwọn oníbàárà ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò wọ ẹ̀wù ilé-ẹjọ́ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó kángun sí ti ẹni tó ń rán bàtà. Ẹnu ló sọ ọ́ di Adájọ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó tó tú síkúrù kan ṣoṣo, á ti sọ ẹni tó pa á àti ohun tó fi pa á.

"Ẹ̀rọ kì í kú lásán," á wí. "Ẹnìkan ló pa á."

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó sábà máa ń bọ́ sí i. Ó mọ̀ pé bí eruku bá dí fáànù, ooru á kún inú ẹ̀rọ títí nǹkan á fi jóná níbẹ̀. Ó mọ àwọn tó ń da aṣọ lé e lórí nítorí ẹwà, àwọn tó ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, àtàwọn tó ń fa wáyà yọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí tọkọtaya bá jọ gbé ẹ̀rọ wá, á wo ọkọ, á wo ìyàwó, á ní, "Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ gbé ìkòkò òdòdó lé e." Ọkọ á bú sẹ́rìn-ín, ẹjọ́ parí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún tí wọn ò fún un ní ihò atẹ́gùn tó dáa ńkọ́? Kò bá wọn wí. Àwọn tó ń tún un ṣe ńkọ́? Háà! Ta ló fẹ́ dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú oníbàárà?

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ dé. Adájọ́ dá ẹ̀rọ náà mọ̀, kò tíì pẹ́ tó gbọn eruku inú rẹ̀. Ní báyìí, kò tàn mọ́ rárá. Nọ́ọ̀sì ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Adájọ́ yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn, ó rí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń mu tíì nílé yín?"

"Bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé látìgbà tí màmá mi ti kú. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ló máa ń fi í gbá bọ́ọ̀lù."

"Ó parí. Tíì ló dà sí i. Bàbá ló pa á."

Nọ́ọ̀sì kígbe. "Bàbá yìí! Mo sọ, sọ, sọ!" Ó bínú jáde.

Wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ mọ òwe náà dáadáa, ó tiẹ̀ fẹ́ràn láti máa fi bá ẹlòmíràn wí.

Nígbà tó wá ráyè tú ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ara ìta ni àbàwọ́n náà mọ. Ó wá a síwájú, ó wá a sẹ́yìn, kó tó rí síkúrù gígùn kan nínú ihò síkúrù kúkúrú. Ṣóńṣó rẹ̀ ti gún bọ́ọ̀dù, pátákó iná ẹ̀rọ, tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná tó ń tutù, bọ́ọ̀dù ń là díẹ̀díẹ̀, títí ó fi já.

Ọmọrí ìgò ni Adájọ́ máa ń to síkúrù sí, gígùn lọ́tọ̀, kúkúrú lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó gbọn eruku yẹn, ẹjọ́ tọkọtaya kan ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ọmọrí kan náà. Kò sẹ́lòmíràn tó tú ẹ̀rọ yìí rí.

"Yéè! Èmi ni."

Ó wo òde bóyá aránbàtà ń wo òun, ó sì ki síkúrù náà bọ àpò. Ó tún bọ́ọ̀dù ṣe, ó fi síkúrù tó yẹ síbi tó yẹ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ní mo kí Bàbá," ló wí. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń nu ẹ̀ṣẹ̀ nù nìyẹn. Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́!

Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ títí, ó wá mí kanlẹ̀. "Bàbá ò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ o. Súìṣì iná gan-an, wọ́n á ní ká wá bá àwọn tàn án. Wọn kì í jókòó sí pálọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ba nǹkan ọmọ jẹ́."

"Ṣé ẹ bá wọn jà ni?"

"Mo pariwo mọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò da nǹkan kan sí i, mo ní ẹni tó mọ̀ ló sọ ọ́."

Adájọ́ fọwọ́ tẹ síkúrù inú àpò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó mọ̀! Gbólóhùn náà kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá jókòó, síkúrù inú àpò á gún un nítan, síbẹ̀ kò jù ú nù. Bí oníbàárà bá ní, "Adájọ́, ta ló pa á?" á ní òun ò tíì mọ̀. Aránbàtà ní, "Ṣé wọ́n ti yọ ẹ́ nípò ni?" Kò rí ẹ̀rín rín sí i. Ojú ń tì í, ẹ̀rí ọkàn sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé nọ́ọ̀sì lọ.

Ẹnu ọ̀nà ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, tòun ti síkúrù lọ́wọ́. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò bú u. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí.

"Mo pariwo mọ́ bàbá mi," ó wí. Ó dìde, ó lọ gbé ẹ̀rọ náà àti páàdì géèmù ní pálọ̀. "Ẹ wọlé. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn."

Bàbá wà ní yàrá, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ wọn méjèèjì wà láàárín orúnkún. Ife tíì wọn wà lórí tábìlì kékeré kan. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà. Adájọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ba ẹ̀rọ jẹ́, èmi ni. Síkúrù tí mo fi síbi tí kò yẹ rèé."

Bàbá gba síkúrù náà, wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì dá a padà fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ọmọ mi ló ní kí o wá sọ bẹ́ẹ̀, àbí?"

"Rárá o, Bàbá! Inú ẹ̀rọ gbẹ. Tíì kankan ò débẹ̀."

"Tíì débẹ̀. Mo kọ́kọ́ jiyàn, àmọ́ mo ti wá rántí. Mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé, inú mi dùn, ọwọ́ mi gbọ̀n, ni ife bá dojú dé. Mo rí i bó ṣe ń ṣàn wọnú ihò rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wá sí mi lójú."

Adájọ́ wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti bá a nínú yàrá yìí, Bàbá ò sì gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì fi páàdì géèmù sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbá ẹyọ kan." Bàbá rọra dá páàdì náà padà sọ́wọ́ ọmọ wọn. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wá yíjú sí Adájọ́.

"Bá mi gbé e jìnnà sí ife yẹn, ọmọ mi. N ò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."